Ariwo Inú Hítà Kàdírì

Ní Ìsẹ́yìn, ọkùnrin kan wà tí kì í ra ìṣáná láì kọ́kọ́ ṣá ẹyọ kan wò lójú ẹni tó ń tà á. Kàdírì ahunṣọ òfì ni. Tí wọ́n bá gbé òwú wá fún un, yóò fa fọ́nrán kan yọ láàárín ìdì, yóò fi eyín dì í mú, yóò fà á títí yóò fi mọ bó ṣe lágbára tó. Ẹnì kan ṣoṣo ni kì í dán òwú rẹ̀ wò. Ẹni náà ni Ràsáàkì, tí àwọn méjèèjì ti jọ ń hunṣọ lábẹ́ òrùlé kan náà kí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó gbéyàwó.

Nítorí náà, nígbà tí Misturat, ọmọ Kàdírì tó ń ṣe nọ́ọ̀sì n'Ìbàdàn, ra hítà omi tuntun ránṣẹ́ sílé, Samsudeen ọmọ Ràsáàkì ni Kàdírì pè kó wá so ó. Púlọ́ńbà ni Samsudeen. Orúnkún Àsíátù, ìyàwó Kàdírì, ló mú kí Misturat ra hítà náà, torí omi tútù tí ìyá rẹ̀ fi ń ṣe àlùwàlá nígbà ọyẹ́ ń dá a lóró. Samsudeen gbé e kọ́ ògiri balùwẹ̀, ó so páìpù rẹ̀ mọ́ táǹkì tó wà lórí òpó níta, ó taná sí i, omi gbóná. Nígbà tó fẹ́ máa lọ, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè mú páálí ẹ̀ lọ?" Kàdírì ní kó máa mú un lọ.

Ọyẹ́ wá mú gan-an. Omi kànga fà, ó pọ́n bí omi amọ̀. Kàdírì kò jẹ́ kí ìyẹn da òun láàmú. Bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń ṣe sí omi àmù nígbà tó wà ní kékeré ni òun náà ń ṣe. Ní gbogbo Jímọ̀, yóò gun àkàbà lọ sórí táǹkì, yóò da álọ́ọ̀mù sí i, yóò fi igi gígùn rò ó, ẹrẹ̀ yóò sì wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Álọ́ọ̀mù kò wọ́n. Ó tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Kò pẹ́ ni hítà bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Lákọ̀ọ́kọ́, ó dà bí ìgbà tí ènìyàn ń fi èékánná ta páànù. Nígbà tó yá, ó di bí ẹ̀pà tí wọ́n ń yan nínú yanrìn. Lẹ́yìn náà ni nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í kanlẹ̀ nínú rẹ̀, gbì, gbì.

"Bàbá Misturat, nǹkan yìí ń sọ̀rọ̀ o," ni Àsíátù wí.

"Kí ló ń sọ?"

"Ẹ wọlé kẹ́ ẹ lọ gbọ́ ọ. Èmi ò wọ ibẹ̀ mọ́."

Láti ọjọ́ náà ni Àsíátù ti padà sídìí ààrò, tó ń fi orúnkún tó ń dùn ún gbé ìkòkò omi gbígbóná wọ balùwẹ̀. Kàdírì mú tọ́ọ̀ṣì, ó yẹ hítà náà wò látòkè délẹ̀. Ó rí ibì kan tí nǹkan ti ha lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdè rẹ̀. Hítà tuntun, kí ló ha á? Ó wá rántí páálí. Kí ni púlọ́ńbà fẹ́ fi páálí òfìfo ṣe, bí kò bá ní ohun tó fẹ́ dì sínú rẹ̀ tà? Ó sì tún rántí pé òun lọ kírun ọ̀sán lọ́jọ́ tí wọ́n ń so ó. Ta ló dúró ti balùwẹ̀ nígbà yẹn? Nígbà tó fi máa rí Samsudeen lórí ọ̀kadà tuntun ní ìkóríta, ó ti dá ẹjọ́ náà tán nínú ara rẹ̀. Ọmọ yìí ti gbé tuntun lọ, ó gbé tòkunbọ̀ kọ́ síbẹ̀.

Lábẹ́ òfì, ó ní, "Mo rí Samsu lórí ọ̀kadà."

"A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run," ni Ràsáàkì dáhùn.

"Iṣẹ́ páìpù ti wá ń mówó wọlé tó báyẹn?"

Ràsáàkì dá ọ̀kọ̀ tó ń gbé òwú gba inú òfì kọjá dúró. "Kàdírì, kí lo fẹ́ sọ?"

"Mo kàn béèrè ni."

"Àjọ ló kó."

Ràsáàkì na ìdì òwú kan sí i, bó ṣe máa ń ṣe. Kí Kàdírì tó mọ ohun tó ń ṣe, fọ́nrán òwú ti wà láàárín eyín rẹ̀. Ó yọ ọ́ kíá, ṣùgbọ́n Ràsáàkì ti rí i.

Nílé, ó sọ fún Àsíátù pé òun fẹ́ fẹjọ́ sun alága ẹgbẹ́ àwọn púlọ́ńbà.

"Ẹ kọ́kọ́ pe ọmọ náà kó wá tú u," ni Àsíátù wí. "Tí alága bá ti gbọ́, gbogbo Ìsẹ́yìn ló gbọ́. Ta ló tún máa gbéṣẹ́ fún un? Ojú wo lẹ ó sì máa fi wo bàbá ẹ̀ lábẹ́ òfì?"

Samsudeen dé ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó dọ̀bálẹ̀. Kàdírì kò jẹ́ kó dìde tán.

"Páálí tó o mú lọ dà?"

"Páálí? Ó wà nílé, Bàbá. Ìyá mi ló ń fi òròmọdìẹ sínú ẹ̀ torí ọyẹ́. Àbí ẹ fẹ́ kí n kó wọn jáde?"

Àsíátù rẹ́rìn-ín. Kàdírì kò rín. Ọ̀rọ̀ òròmọdìẹ yìí tiẹ̀ ti bára mu jù lójú tirẹ̀, bí irọ́ tí wọ́n ti hun sílẹ̀.

Samsudeen paná, ó dúró kí omi inú hítà tutù, ó gbé korobá sábẹ́ rẹ̀, ó tú ìdè ìsàlẹ̀. Omi díẹ̀ ló kọ́kọ́ jáde. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ohun kan tó ki bí ògì bẹ̀rẹ̀ sí í dà, funfun àti pupa rẹ́súrẹ́sú, títí ó fi kún ìdajì korobá.

"Ẹ̀hẹ́n," ni Kàdírì wí. "Hítà tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta nílé mi. Ilé ta ló ti mu ẹrẹ̀ yìí wá?"

"Bàbá, ọ̀rọ̀ yín ò yé mi."

"Mo ní èyí tọ́mọ mi rà kọ́ lo so síbí."

Samsudeen rọra gbé sípánà ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Kàdírì ti dé fìlà, ó ti ń wá bàtà tó máa wọ̀ lọ sọ́dọ̀ alága.

Àsíátù di ògiri mú, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ korobá, ó fi ìka ra ẹrẹ̀ náà.

"Bàbá Misturat, ẹ dúró ná. Ta ló ń fọ àmù nílé yìí?"

"Ìwọ ni."

"Ohun tí mò ń fọ̀ kúrò nídìí àmù nìyí. Álọ́ọ̀mù yín ni. Ẹ wò ó, òkè la ti ń bu omi àmù, a kì í dé ìdí ẹ̀. Táǹkì yẹn ńkọ́? Ibo ni páìpù ti ń fa omi?"

Kàdírì jáde, ó gbójú sókè wo táǹkì. Páìpù yọ láti ìdí rẹ̀ gan-an, ó wọ balùwẹ̀ lọ tààrà. Gbogbo ẹrẹ̀ tí òun ń mú wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ní gbogbo Jímọ̀, inú hítà ló ń lọ, tó ń jókòó lé irin gbígbóná, tí omi sì ń hó lábẹ́ rẹ̀ bí ìkòkò ògì. Nígbà tó padà wọlé, Samsudeen ń da omi mímọ́ gba inú hítà kọjá, kò wojú rẹ̀.

"Samsu," ni Kàdírì wí.

"Bàbá."

"Ọ̀rọ̀ tí mo sọ yẹn, kò yẹ kí n sọ ọ́. Má bínú."

"Ó ti tán, Bàbá." Ohùn rẹ̀ kò fi hàn pé ó ti tán.

Wọ́n fọ táǹkì. Kàdírì pinnu pé inú dúrọ́ọ̀mù nílẹ̀ ni álọ́ọ̀mù yóò ti máa ṣiṣẹ́, kí wọ́n tó bu omi òkè rẹ̀ lọ sínú táǹkì. Dúrọ́ọ̀mù kan kò tó owó hítà mìíràn. Nígbà tí wọ́n taná, omi gbóná láìsí ariwo, Àsíátù sì gbé ìkòkò rẹ̀ kúrò lórí ààrò. Fìlà ṣì wà lórí Kàdírì. Kò gba ọ̀nà ilé alága mọ́, abẹ́ òfì ló lọ.

Ràsáàkì kò gbójú sókè. "Samsu ti pè mí."

"Mo ti bẹ̀ ẹ́. Mo wá bẹ ìwọ náà."

"Jókòó, iṣẹ́ wà nílẹ̀."

Kàdírì jókòó. Wọ́n hunṣọ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Ràsáàkì ní, "Na òwú pupa yẹn sí mi."

Kàdírì nà án sí i. Ràsáàkì fa fọ́nrán kan yọ láàárín ìdì, ó fi í sáàárín eyín, ó fà á, ó tún fà á. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti jọ ń jókòó níbẹ̀, kò ṣe é rí. Kàdírì wolẹ̀.

"Kò já," ni Ràsáàkì wí, ó sì fi í sínú ọ̀kọ̀.