Ta Ló Túfọ̀ fún Àníkẹ́?

Ọkọ Àníkẹ́ ò kú, kò sì yè. Bí ìjọba ṣe fi obìnrin náà sílẹ̀ nìyẹn láti ọjọ́ tí ogun ti parí, kò sì sí ẹnìkan nínú wọn tí ò rí oorun sùn nítorí ẹ̀.

Lágúnjú ni orúkọ ọkọ ọ̀hún. Kẹ̀kẹ́ ló ń tún ṣe ní Ìlàré nílùú Ifẹ̀, lábẹ́ igi ọsàn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wọn. Nígbà tí ogun Bìáfúrà bẹ́ sílẹ̀, tí rédíò ń ké láàárọ̀ lálẹ́ pé Gówọ̀n, olórí ìjọba, ní Nàìjíríà gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan, Lágúnjú nu epo ọwọ́ ẹ̀ nù, ó ní òun ń lọ wọṣẹ́ sójà. Oyún wà nínú Àníkẹ́ nígbà yẹn. Ọkọ ẹ̀ fi sípánà tó fi ń ṣiṣẹ́ lé e lọ́wọ́.

"Àníkẹ́, má jẹ́ kó dípẹtà o. Bí mo bá ti dé báyìí, iṣẹ́ yá."

"Ẹ tètè dé ni o. Èmi ò mọ bí wọ́n ṣe ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe."

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tí wọ́n jọ rín kẹ́yìn nìyẹn.

Ogun parí. Àwọn tó máa bọ̀, wọ́n bọ̀. Ẹlòmíì bọ̀ láìlẹ́sẹ̀, ẹlòmíì bọ̀ tó ń bá ògiri sọ̀rọ̀. Àwọn tó kú, àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gé irun àti èékánná wọn, wọ́n dì í sínú aṣọ wá sílé, ẹbí sì rí nǹkan sin. Ti Lágúnjú, kò sí irun, kò sí èékánná, kò sí aṣojú ìjọba kankan tó yalé wọn. Àníkẹ́ bi àwọn tó bọ̀, wọ́n ní, "Láti Ówẹ́rì la ò ti rí i mọ́." A ò rí i mọ́ bíi ti báwo? Ṣé abẹ́rẹ́ ló sọnù ni?

Àwọn ẹbí ní kó tú irun, kó ṣe opó, kọ́rọ̀ ó tán nílẹ̀. Àníkẹ́ kọ̀ jálẹ̀.

"Ta ló túfọ̀ fún mi?" Àníkẹ́ ló ń bi Akínkúnlé, àbúrò ọkọ ẹ̀, bẹ́ẹ̀. "Ẹni tó bá mú ọkọ èèyàn ròde ló ń wá sọ fún un bó bá kú. Ìjọba ló mú wọn lọ. Kí ìjọba wá síbí, kó jókòó, kó lanu, kó sọ ọ́."

"Ìyàwó wa, ìjọba ò kúkú lẹ́sẹ̀."

"Nígbà tó wá mú wọn, kí ló fi rìn?"

Akínkúnlé mú fìlà ẹ̀, ó gbọ̀nà ilé lọ.

Ọdún ń gorí ọdún. Sábó ni Àníkẹ́ ti ń bó obì fáwọn oníṣòwò Hausa. Á bó gbànja látàárọ̀, á ṣà á, á fi ewé tò ó sínú apẹ̀rẹ̀, títí ìka ẹ̀ fi pọ́n débi tí ọṣẹ ò ràn án mọ́. Owó obì yẹn ló fi tọ́ Ìfẹ́dayọ̀, ọmọ tí Lágúnjú ò fojú rí. Bí ọyẹ́ bá ti ń mú, á gbé sípánà síta, á fi àdín pa á, á tún un dì. Bí wọ́n bá sì ní káwọn opó bọ́ síwájú wá gba ìrẹsì ní ṣọ́ọ̀ṣì, Àníkẹ́ á jókòó ẹ̀ jẹ́jẹ́. Ṣebí abilékọ lòun.

Ìgbà tó di 1992 làwọn olóṣèlú rántí Gówọ̀n. Wọ́n fẹ́ràn ẹ̀ lójijì bí ẹní fẹ́ràn bàbá tó fi oko kòkó sílẹ̀ fọ́mọ. Ọ̀kan nínú wọn, Ọlátúnbọ̀sún, tó ń du ipò aṣòfin, wá ṣe kàm̀péènì, wọ́n sì ta á lólobó pé ìyàwó sójà kan wà ní Ìlàré. Ló bá fa Àníkẹ́ gorí pèpéle, ó gbé ọwọ́ ẹ̀ sókè bí ẹni gbé ife-ẹ̀yẹ.

"Ẹ wo ìyá wa! Ọkọ wọn ló bá Gówọ̀n so Nàìjíríà pọ̀! Ẹni tó bá dìbò fún wa, Gówọ̀n ló dìbò fún!"

Ẹnìkan kígbe láti ẹ̀yìn, "Gówọ̀n ń du káńsẹ́lọ̀ ni?" Gbogbo pápá fi ẹ̀rín sí i.

Nínú ariwo yẹn ni Àníkẹ́ ti sọ̀rọ̀ sí i létí. "Onọ́rébù, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó kú ni?"

"Ta ni, Màmá?"

"Ọkọ mi. Ẹ̀yin lẹ sún mọ́ ìjọba."

"Háà, Màmá! Akọni kì í kú!" Ó tún un sọ nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, "Akọni kì í kú!" Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́, orin bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbé páálí iyọ̀ kan fún Àníkẹ́, ó gbé e lọ sílé. Kò jẹun. Ó tú sípánà, ó pa àdín sí i, bẹ́ẹ̀ ọyẹ́ ò tíì dé.

Ọdún kejì, a dìbò ní Júùnù, sójà ní àwọn ò rí ìbò. Àwọn ọ̀dọ́ dáná sun táyà káàkiri Ifẹ̀. Kó tó di Kérésì, sójà ti gba gbogbo ìjọba, Ọlátúnbọ̀sún ti wà nílé tó ń wo òrùlé. Oṣù Ṣẹ́rẹ́ dé, wọ́n fẹ́ ṣe àyájọ́ ìrántí àwọn sójà tó bógun lọ. Àwọn náà ránṣẹ́ pe Àníkẹ́. Wọ́n gbé e jókòó níwájú, nínú oòrùn.

Ọ̀gá sójà kan dìde, ọmọ Yorùbá ni, aṣọ ẹ̀ le gan-an bíi páálí.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń pariwo ìbò, ìbò, ṣé ogun lẹ tún fẹ́? Gówọ̀n ní Nàìjíríà ò ní pín, kò sì ní pín! Ẹ wo ìyá yìí. Ọkọ wọn kú fún Nàìjíríà. Ówẹ́rì ló kú sí. Ẹ gbọ́ ariwo lẹ́nu wọn?"

Gówọ̀n tó ní ká dìbò lọ́dún yẹn lọ́hùn-ún, òun náà ló tún ní ká panu mọ́ lórí ìbò. Bí wọ́n ṣe ń lo orúkọ onítọ̀hún nìyẹn, bí igbá ìbuwẹ̀: kálukú ló ń fi bomi tó wù ú.

Ṣùgbọ́n Àníkẹ́ ò gbọ́ ti Gówọ̀n. Ó kú. Ọ̀rọ̀ kan yẹn ló gbọ́. Ẹni tó wọ aṣọ ìjọba ló dúró níwájú ẹ̀, tó lanu, tó sọ ọ́.

Ó ṣí gèlè. Ó ń tú irun ẹ̀ lójú gbogbo ayé, irun tó ti ń funfun.

"Yéè! Lágúnjú o! Wọ́n ti túfọ̀ o! Ọ̀gá, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ ọ́. Ta ló wà lọ́dọ̀ wọn? Ṣé wọ́n fún wọn lómi? Ta ló sin wọ́n?"

Ọ̀gá sójà wo apá ibòmíì. Ẹnìkan ní, "Àwọn olóṣèlú ló rán ìyá yìí." Sójà méjì gbá a lápá mú. Bí wọ́n ṣe ń wọ́ ọ lọ ni wọ́n tú ẹyẹlé sílẹ̀, fèrè ń dún, wọ́n ní nítorí àwọn tó kú.

Akínkúnlé ló lọ mú un wálé. Bàbá náà ń sunkún bí ọmọdé.

"Ìyàwó wa, sójà yẹn ò mọ Lágúnjú. Ọ̀rọ̀ ló kàn bọ́ lẹ́nu ẹ̀. Kò mọ nǹkan kan."

"Mo mọ̀," ni Àníkẹ́ wí. "Ṣùgbọ́n ó ti sọ ọ́. Ẹ jẹ́ n lọ sínú ilé."

Ó wọ aṣọ dúdú. Ó jókòó sórí ẹní, ó ń ṣe opó ọkọ tó ti kú kí ọmọ inú ẹ̀ tó mọ̀rìn. Akínkúnlé gbẹ́ ilẹ̀ díẹ̀ lábẹ́ igi ọsàn, Ìfẹ́dayọ̀ sì fi aṣọ funfun gbé sípánà wá. Ó ti gbé ìgò àdín dání.

"Màmi, ẹ jẹ́ n pa á."

"Fi sílẹ̀. Jẹ́ kó dípẹtà."

Wọ́n bò ó. Rédíò ilé kejì ń ké nígbà náà. Ẹnìkan tún ń jiyàn níbẹ̀, Gówọ̀n báyìí, Gówọ̀n bẹ́ẹ̀. Inú bí Ìfẹ́dayọ̀, ó fẹ́ lọ bá wọn pa rédíò náà.

"Jókòó," ni ìyá ẹ̀ wí. "Jẹ́ kí wọ́n máa pè é. Gówọ̀n ní ẹni tó ń pè é."

Ó wá kọjú sí ilẹ̀ tútù yẹn, ó pe Lágúnjú. Òun nìkan ló pè é.