Ọkùnrin Tí Bàbá Ọlọ́dà Gbà Là Lẹ́ẹ̀méje

Bí wọ́n bá ti dárúkọ olóògbé Bàbá Ọlọ́dà tó ń ta ọ̀dà, ìtàn onígbàjámọ̀ ni wọn yóò kọ́kọ́ sọ. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò onígbàgbọ́ máa ń jẹun àárọ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù ní gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì kan. Lọ́jọ́ kan, oníwàásù ní kí ẹni tó bá fẹ́ gba Jésù fún ìgbà àkọ́kọ́ dìde. Onígbàjámọ̀ tí Bàbá Ọlọ́dà mú wá dìde fùú. Ìgbà keje rẹ̀ nìyẹn.

Alága ẹgbẹ́, ọ̀gá onítẹ̀wé, ta kìjí. "Bàbá Ọlọ́dà! Ṣebí a gba ọkùnrin yìí là lóṣù tó kọjá?"

"Alága, ṣebí ẹ wẹ̀ lánàá. Kí lẹ tún wá lọ sí balùwẹ̀ láàárọ̀ yìí?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, àfi Alága. Ife ẹ̀yẹ wà fún ẹni tó bá mú ọkàn wá jù lọ́dún, ọdún kẹta rèé tí Alága ti ń lé e. Ó dá a lójú pé jìbìtì ni Bàbá Ọlọ́dà ń ṣe láti fi gba ife náà.

Ká má purọ́, ayé wà nínú ẹgbẹ́ ọ̀hún náà. Bí wọ́n bá dijú àdúrà, ojú kan a là, a máa wá ẹni tó lè gbéṣẹ́ fúnni. Bí wọ́n bá gbàdúrà ìrẹ̀lẹ̀, àmín a rọ̀. Bó bá di ti kọńtírákì, àjà a fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí.

Ẹ̀rí ni Bàbá Ọlọ́dà tún fi ń dà wọ́n láàmú. Níbẹ̀rẹ̀ ọdún, ó ní agolo ọ̀dà kan já bọ́ látorí ọkọ̀ òun, kò dànù. Nígbà tọ́dún fi máa parí, ó ti di pé ọkọ̀ náà gan-an ló takìtì, tí ọ̀dà kankan kò dànù.

"Bàbá, agolo kan lẹ wí níjọ́sí!"

"Alága, Ọlọ́run tèmi kì í dúró lójú kan."

Alága pe ìgbìmọ̀. Wọ́n ní kí Bàbá Ọlọ́dà má mú onígbàjámọ̀ wá mọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí Bàbá Ọlọ́dà kò dápàárá.

"Ẹ fún ẹlòmíì ní ife yín. Ẹ gba àga mi pàápàá. Ẹ ṣáà jẹ́ kí ọkùnrin yẹn máa wá."

Alága kọ̀ jálẹ̀.

Kò pé oṣù méjì, àìsàn gbé Bàbá Ọlọ́dà lọ. Níbi ìsìnkú, onígbàjámọ̀ dìde. Ó ní ọtí ló ba ayé òun jẹ́. Gbogbo ìgbà tóun bá padà sílé ọtí, Bàbá Ọlọ́dà a wá fa òun jáde, a wẹ òun, a wọ aṣọ tirẹ̀ fún òun.

"Ó ní kí n má tijú àtitún bẹ̀rẹ̀. Látìgbà tẹ́ ẹ ti ní kí n má wá mọ́, inú ọtí náà ni mo wà."

Alága kò lè gbójú sókè. Ẹkún tó sun lọ́jọ́ náà kì í ṣe ti òkú nìkan.

Ní ìpàdé oṣù tó tẹ̀ lé e, àwọn ará ti ń bu tíì, Alága ò tíì dé. Ẹnu ọ̀nà ilé ọtí ló wà tòun ti táì lọ́rùn. Ojú ń tì í, àárò Bàbá Ọlọ́dà sì ń sọ ọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ onígbàjámọ̀.

"Àbúrò, gba ṣẹ́ẹ̀tì yìí wọ̀. Èmi ni mò ń mú ẹ lọ lónìí."