Máàkì Tí Mo Fi Kún Ti Ìyàwó Mi

Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú ìyàwó mi, àwọn tí a jọ ń gbélé ní Egan sọ pé ọwọ́ ayé ni. Mo máa ń tún ọ̀rọ̀ náà ṣe fún wọn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: iṣan ẹ̀jẹ̀ kan ló dí nínú ọpọlọ rẹ̀. Apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kò ṣiṣẹ́ mọ́, ọ̀rọ̀ sì ń wọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ní ilé ìwòsàn, àwọn olùwádìí láti yunifásítì kan bẹ̀ wá pé kí ó wà nínú ìwádìí wọn. Ọmọbìnrin kan yóò máa gun ọ̀kadà wá sílé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti kọ́ ọ ní ìrìn. Nọ́ọ̀sì kan yóò sì máa pè mí lóṣooṣù láti béèrè ohun tí ìyàwó mi lè dá ṣe. Ẹni tí ara rẹ̀ bá ti yá dé ìwọ̀n kan, ìbẹ̀wò rẹ̀ yóò dópin. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ìwé náà kí n tó buwọ́ lù ú.

Ìpè àkọ́kọ́ bá wa nídìí tábìlì.

"Bàbá, ṣé màmá lè wẹ̀ fúnra wọn?"

Èmi ni mo ń wẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ wà lára mi, bí ojú ọmọ tí èmi tíṣà fẹ́ ka èsì ìdánwò rẹ̀ sétí gbogbo kíláàsì.

"Díẹ̀ ló kù," ni mo wí.

"Ṣé wọ́n lè dá rìn dé ilé ìwẹ̀?"

"Ó ń di ògiri mú."

Irọ́ ni. Ìyàwó mi fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan rẹ́rìn-ín, mo sì rò pé mo ṣe rere. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń fi máàkì kún máàkì.

Ní oṣù kẹrin nọ́ọ̀sì náà ní, "Ẹ kú oríire, Bàbá! Màmá ti kúrò lára àwọn tí à ń bẹ̀ wò nílé."

Ọmọbìnrin náà kò wá mọ́. Mo gbìyànjú láti ṣe ohun tí mo ti rí i tó ń ṣe, ṣùgbọ́n ńṣe ni ẹsẹ̀ náà ń le sí i, tí ọwọ́ sì ń ká bọ̀ sí àyà.

"Kí ló dé... tí kò wá mọ́?" ni ìyàwó mi bi mí.

Mo jẹ́wọ́.

"Tíṣà! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kí ọmọ yín... tún kíláàsì kà... torí máàkì méjì."

Ẹ̀rín ló fi bẹ̀rẹ̀, ẹkún ló fi parí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ pè wọ́n. Kí n máa gbọ́."

Mo gbé fóònù sáàárín wa, mo sì yí ohùn rẹ̀ sókè. Nọ́ọ̀sì náà kò bínú. Ó ní òun kò lágbára láti dá ìbẹ̀wò padà, ṣùgbọ́n òun lè bi mí lákọ̀tun. "Rárá" ni mo ń dáhùn ṣáá, ìyàwó mi sì ń mi orí sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí ó fi kan ìbéèrè oúnjẹ. Mo ti la ẹnu láti tún ní rárá nígbà tí ó gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ sókè.

"Mo ń fi... èyí jẹun. Ẹ kọ ọ́."

Nọ́ọ̀sì ní òun ti kọ ọ́, òun yóò sì gbé gbogbo rẹ̀ tọ àwọn ọ̀gá òun lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ti kọjá. Wọn kò tíì fèsì.