Bàbá Ó-Ku-Díẹ̀ àti Ààbọ̀ Orí Akápò

Bí ẹ bá béèrè Bàbá Ó-Ku-Díẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ládùúgbò wa, kò ní kọ́kọ́ sọ fún yín pé onígbàjámọ̀ ni wọ́n, kò sì ní rántí sọ pé wọ́n ti kú. Ọ̀rọ̀ orí akápò káńsù ni yóò fi bẹ̀rẹ̀.

Akápò yìí ló fa ìlà pa owó Ọjọ́ Ìtàn rẹ́. Ọjọ́ kan ṣoṣo lọ́dún ni, Bàbá ló sì ń ṣètò rẹ̀: àwọn àgbà á ti àwọn ìletò wá sí gbọ̀ngàn ilé ìwé, wọ́n á sọ ìtàn tí kò sí nínú ìwé kankan, ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ á sì gbà á kó tó bá wọn lọ. Káńsù ló ń gbé wọn wá, òun ló ń háyà àga àti ẹ̀rọ. Akápò ní ìtàn kì í di kòtò ojú títì. Bàbá ò bá a jiyàn. Wọ́n kàn ní, "Ó dáa, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n irun orí rẹ ti kún. Wá jókòó kí n bá ọ gẹ̀ ẹ́."

Ó jókòó. Bàbá da aṣọ bò ó lọ́rùn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti apá òsì, ìtàn náà sì bẹ̀rẹ̀. Amọ̀kòkò obìnrin kan ló mọ ìkòkò tó ń sọ̀rọ̀. Ọba gbé ìkòkò náà síwájú gbogbo ìjòyè, ó ní kó dárúkọ ẹni tó jí adé òun. Ìkòkò lanu báyìí, ẹ̀rọ ìgẹrun dákẹ́. Apá òsì orí akápò ń dán bíi dígí, apá ọ̀tún ṣì jẹ́ igbó kìjikìji.

"Bàbá, ta ló jí adé?"

"Ó ku díẹ̀."

"Orí mi ńkọ́?"

"Òun náà ku díẹ̀. Ọjọ́ Ìtàn la ó parí méjèèjì."

"Háà! Bàbá, mo ní ìpàdé pẹ̀lú alága ní aago méjì!"

"Bá mi kí wọn o. Apá òsì ni kó o kọ sí wọn, òun ló gbayì."

Akápò dé fìlà wọ ìpàdé. Alága ní kó ṣí i, gbogbo ilé sì bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kó ṣàlàyé, ó ṣàlàyé, ó sọ ìtàn náà títí dé ibi tí ìkòkò ti lanu, ó dákẹ́. Ẹ̀rín wá dá. Kí aago mẹ́ta tó lù, owó Ọjọ́ Ìtàn ti padà sínú ìwé. Ojú àánú kọ́ ni wọ́n fi wo akápò o, alága ló fẹ́ mọ olè.

Lọ́dún kejì káńsù gbọ́n, wọ́n fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́. Fọ́ọ̀mù béèrè pé, "Ta ló ni àwọn ìtàn yìí?" Bàbá kọ ọ́ pé, "Ẹni tó bá rántí wọn." Fọ́ọ̀mù ní kí wọ́n fi iye hàn, àǹfààní mélòó ni ìtàn ń ṣe. Bàbá kọ ọ́ pé, "Ẹ ka iye ìgbà tí ìyá yín pa yín lẹ́rìn-ín, kí ẹ fi ránṣẹ́, èmi náà á ka tèmi." Nígbà tí wọ́n dé ibi ìbuwọ́lù, ààbọ̀ orúkọ ni wọ́n kọ. Wọ́n ní tí owó bá ti dé, ààbọ̀ yòókù á bá a níbẹ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ ẹnu wọn í dí. Ìyàwó wọn ni, aránṣọ ni, ògiri kan ló wà láàárín ẹ̀rọ ìránṣọ wọn àti ṣọ́ọ̀bù ọkọ wọn. Bí Bàbá bá ń fọ́nnu fún oníbàárà, Ìyá á pariwo láti ẹ̀yìn ògiri: "Bàbá wa! Kìnnìún kan ṣoṣo ni lọ́dún tó kọjá! Báwo ló ṣe di mẹ́rin?"

"Ó ti bímọ!"

Ibì kan wà tí Bàbá kì í ti í ṣeré. Wákàtí mẹ́fà péré ni káńsù ń san fún lórí ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀. Lọ́dọọdún, tó bá ti kàn wọ́n láti sọ tiwọn, wọ́n á wo ìlà àwọn àgbà tó jókòó, wọ́n á sì fi àyè wọn fún ẹlòmíràn. Lọ́dún kan, ìyá alágbàfọ̀ ni wọ́n fi í fún.

"Wọ́n jù mí lọ," ni Bàbá wí.

"Irọ́ o!" Ìyàwó wọn ti dìde. "Ẹ fi ọdún méjì jù wọ́n!"

"Ọjọ́ orí kọ́ là ń wò. Ikọ́ là ń wò."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Ọjọ́ Ìtàn mìíràn fi dé, ìyá alágbàfọ̀ ò sí mọ́, ṣùgbọ́n ìtàn wọn wà.

Ikọ́ mú Bàbá náà. Wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni, wọ́n ń mu omi gbígbóná lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí àwọn àgbà tún pé jọ ni Bàbá kú.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, akápò gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ náà wá sí yàrá ìránṣọ. Ó ní káńsù fẹ́ fi ìtàn Bàbá ṣí ètò ọdún yìí, kí Ìyá bá òun yan èyí tó dùn jù. Láti òwúrọ̀ ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ. Àgbà mọ́kànlélógójì ló wà níbẹ̀. Bàbá ò sí níbẹ̀.

Akápò sorí kọ́. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́. Èmi ni mo fọwọ́ sí wákàtí mẹ́fà. Ká ní mo fi ẹyọ kan kún un ni."

Ìyá sún mọ́ ẹ̀rọ náà. Wọ́n tẹ́tí. "Dá a padà díẹ̀," ni wọ́n wí. "Kí ẹni yẹn tó bẹ̀rẹ̀."

Ó dá a padà. Àga dún. Ẹnì kan húkọ́. Lẹ́yìn náà ni ohùn kan wọlé, jẹ́jẹ́: "Ẹ jókòó dáadáa, Màmá. Ẹ mumi. Ẹ má kánjú, à ń gbọ́ yín."

Wọ́n lọ síbi ẹni tó tẹ̀lé e, ó wà níbẹ̀. Wọ́n lọ sí òmíràn, ó wà níbẹ̀. Kò sí àgbà kan tí Bàbá kò kọ́kọ́ kí kí ìtàn rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó kan bàbá apẹja kan tó ń gbọ̀n, ohùn náà ní, "Ẹ sún mọ́ ọn, ẹ̀rọ lásán ni, kì í bu èèyàn jẹ. Ìyàwó tèmi ló ń bu èèyàn jẹ."

Ìyá bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n fi etí aṣọ oníbàárà tó wà lórí ẹsẹ̀ wọn nu ojú.

"Òpùrọ́," ni wọ́n wí fún ẹ̀rọ náà. Wọ́n wá yíjú sí akápò. "Ọmọ mi, jẹ́ kí n tún un gbọ́."