Ìgbà kan ṣoṣo tí màmá mi sinmi

Ìbéèrè kan tí wọ́n bi màmá mi lónìí, ara mi ò tíì balẹ̀ látìgbà náà.

Obìnrin kan láti yunifásítì ló wá bá wa nílé ní Òkè Fìà. Ó ń ṣèwádìí nípa bí iṣẹ́ ṣe ń tán èèyàn lókun. Ó fẹ́ gbọ́ bí nǹkan ṣe rí nígbà tí ogun Biafra ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, tí màmá mi ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Iléṣà.

Ó ní, "Mà, nígbà yẹn, ìgbà wo lẹ máa ń sinmi?"

Màmá ní, "Ẹ̀ẹ̀kan ni mo sinmi. Nígbà tí Túnjí kú."

Ẹ̀gbọ́n mi ni Túnjí. Ó ti kú kí wọ́n tó bí mi. A kì í dárúkọ rẹ̀ nílé wa.

Màmá tún ní, "Wọ́n ní kí n má wá síbi iṣẹ́ fúngbà díẹ̀. Àwọn aládùúgbò ò jẹ́ kí n pọnmi, wọn ò jẹ́ kí n dáná. Wọ́n rò pé mo ń sunkún nínú yàrá. Oorun ni mo ń sùn. Oorun náà sì dùn. Títí dòní, ojú ṣì ń tì mí tí mo bá rántí ẹ̀."

Obìnrin yẹn pa ìwé rẹ̀ dé, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Nígbà tó lọ, màmá mi dìde, wọ́n gbé ife tí àlejò fi mu tíì, wọ́n fẹ́ lọ fọ̀ ọ́. Mo gbà á lọ́wọ́ wọn, mo ní, "Màmá, ẹ lọ dùbúlẹ̀, ẹ sinmi."

Wọ́n wò mí. Wọ́n ní, "Ta ló kú?"

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, tó bá jẹ́ ìyá yín ni, kí lẹ máa sọ? Ife yẹn ṣì wà nílẹ̀, mi ò tíì fọ̀ ọ́.