Ìyá Tìmùtìmù àti Àjà Yàrá Ẹ̀yìn

Ìtàn tí mo gbé dé yìí kò ní ẹranko tó ń fọhùn nínú, kò sì sí ọba tàbí iwin níbẹ̀. Àbúrò mi obìnrin ló wà níbẹ̀, òun àti àjà kan tó gbóná bí ààrò.

Ìyá Tìmùtìmù ni gbogbo àdúgbò ń pe àbúrò mi, nítorí iṣẹ́ rẹ̀. Ó ń ṣe ìrọ̀rí, ó ń ṣe tìmùtìmù, ó sì ń tún bẹ́ẹ̀dì olówùú tó ti pẹlẹbẹ ṣe. Bó bá ń kì òwú sínú aṣọ, ẹ ó rò pé ìjà ló ń jà. Á fi ẹ̀ṣẹ́ gún un, á fi orúnkún tẹ̀ ẹ́, á tún wá fi igi róbótó kan rọ́ ọ sí igun títí aṣọ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ya. Ọkọ rẹ̀ tó ti dolóògbé a máa sọ pé, "Ìrọ̀rí ìyàwó mi, bí ẹ bá jù ú lu ògiri, ògiri ni yóò sunkún." Àbúrò mi á kàn rẹ́rìn-ín, á sì tún fi ẹ̀ṣẹ́ kan sí i.

Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ló bí. Ọdún kẹsàn-án tí ọmọ náà gbéyàwó ni ìyàwó rẹ̀ tó bímọ, ọkùnrin làǹtìlanti. Ayọ̀ yẹn pọ̀ débi pé àbúrò mi ń jó lórí ìjókòó nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Yàrá ẹ̀yìn ni ọmọ náà àti àwọn òbí rẹ̀ ń sùn. Páànù ló bo yàrá náà lórí, àjà pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sì ni gbogbo ohun tó wà láàárín páànù àti èèyàn. Bí oòrùn bá ti dé àtàrí, yàrá á bẹ̀rẹ̀ sí í yan àwọn tó wà nínú rẹ̀. Ara ọmọ sú wíníwíní láti ọrùn dé ìdí, kò sì lè sùn lọ́sàn-án.

Lọ́jọ́ Ajé kan, ìyàwó wa kúnlẹ̀ níwájú ìyá ọkọ rẹ̀.

"Màámi, ẹ má bínú. A ti rí ilé kan lódìkejì odò. Bí yàrá yìí kò bá tutù títí di Sátidé, a máa kó lọ síbẹ̀ nítorí ọmọ."

"Ẹ fẹ́ gbé ọkọ mi lọ? Ọkọ mi tí mo fi ọdún mẹ́sàn-án dúró dè?"

"Màámi, ẹ wo ọrùn rẹ̀."

Ó wo ọrùn ọmọ.

Lọ́jọ́ kejì ó pe káfíńtà tí a ń pè ní Wọ̀n-ọ́n-wò, nítorí téèpù rẹ̀ kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wọn yàrá, ó wọn òkè àjà, ó ní ohun tí yóò dá ooru dúró ló yẹ ká tẹ́ síbẹ̀.

"Kí la tún ń wá kiri?" ni àbúrò mi wí. "Òwú kún ilé mi fọ́fọ́."

Wọ̀n-ọ́n-wò kò bá a jiyàn. Ó bu òwú rẹ̀ díẹ̀ sórí búlọ́ọ̀kù, ó ṣá ìṣáná sí i. Fùù! Ó di eérú. Ó wá yọ nǹkan kan nínú àpò tó jọ òwú, àwọ̀ eérú ni àwọ̀ rẹ̀. Ó ní òkúta ni wọ́n yọ́ tí wọ́n fi ṣe é. Ó ṣáná sí i títí iná fi jó o níka, nǹkan yẹn ò gbiná.

"Màmá, wáyà iná wà lókè àjà yín. Èwo lẹ fẹ́ kó wà lókè orí ọmọ?"

"Gbé tìẹ wá jàre."

Lọ́jọ́rú, ó kan bébà tó ń dán bíi dígí, tí yóò máa lé ooru padà, mọ́ abẹ́ igi òrùlé, ó sì kó ìdì òwú òkúta márùn-ún gòkè. Ilẹ̀ ṣú kó tó tẹ́ wọn. "Màmá, mo bẹ̀ yín, ẹ má gun ibẹ̀ o. Ó ń yún ni. Mò ń bọ̀ lọ́la."

Ta ló bá sọ̀rọ̀? Kí oòrùn tó là lọ́jọ́ kejì, àbúrò mi ti wọ ẹ̀wù alápá gígùn, ó ti fi aṣọ di imú, ó ti wà lókè. Èmi ni mo di àkàbà mú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dì í mú dáadáa, ẹ yé wo fèrèsé!"

"Ṣé káfíńtà ò ní bínú?"

"Á kí mi kú iṣẹ́ ni!"

Mo ń gbọ́ ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ lókè, gbì, gbì. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kì gbogbo ìdì márààrún tán mọ́ ọ̀gangan ibùsùn ọmọ. Ó tún fi èyí tó ṣẹ́ kù dí àwọn ihò abẹ́ etí òrùlé, nítorí kò fẹ́ rí ihò níbi iṣẹ́ rẹ̀.

Nígbà tó di ọ̀sán, yàrá gbóná ju ti àná lọ. Ọmọ ń ké. Ìyàwó wa ń ká aṣọ ọmọ sínú àpótí. Àbúrò mi jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, ó ń họ apá.

Wọ̀n-ọ́n-wò dé, ó gòkè. Ni ẹ̀rín bá bú láti òkè wá.

"Ta ló sọ àjà di bẹ́ẹ̀dì?"

"Èmi ni," ni àbúrò mi fọhùn jẹ́jẹ́. "Ṣé kò le tó ni?"

"Màmá, bí wọ́n bá gbé bẹ́ẹ̀dì tó ti pẹlẹbẹ wá fún yín, kí lẹ máa ń ṣe sí òwú rẹ̀?"

"Màá tú u, màá gbọ̀n ọ́n kí afẹ́fẹ́ lè..." Ó ká ọwọ́ lé orí. "Yéè! Afẹ́fẹ́!"

"Afẹ́fẹ́ tó há sáàárín òwú ló ń dá ooru dúró. Ẹ ti fún un jáde tán. Ẹ tún wá dí imú tí òrùlé fi ń mí!"

Àbúrò mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ló bá padà gun àkàbà. Ta ló tún mọ òwú kíkì tú bíi tirẹ̀? Ó ń tú u, ó ń gbọ̀n ọ́n, káfíńtà ń wọn ọ́n, ó ń tẹ́ ẹ láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, láti ògiri dé ògiri. Wọ́n ṣí gbogbo ihò etí òrùlé padà. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n parí, àwọn méjèèjì ń họ ara bí ẹni tó bá yèrèpè jà.

Sátidé dé. Oòrùn dé àtàrí. Ìyàwó wa gun àga, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan àjà, kò yọ ọ́ kúrò kíákíá. Ó sọ̀kalẹ̀, ó tẹ́ ọmọ sórí ibùsùn. Ọmọ wo òkè, ó yán, ó sùn lọ fọnfọn. Ìyá rẹ̀ bá ṣí àpótí, ó ń kó aṣọ jáde.

"Kí lò ń wá?" ni ọkọ rẹ̀ bi í.

"Ibi tí màá tò wọ́n sí."

Àbúrò mi kò gbọ́ ìyókù. Ó ti sáré lọ mú aṣọ àti òwú láti ṣe tìmùtìmù tí òun yóò máa jókòó lé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀, ọkọ rẹ̀ kékeré. Ó kì òwú sínú rẹ̀ díẹ̀, ó gbé ẹ̀ṣẹ́ sókè. Ó wo àjà. Ó la ọwọ́, ó sì fi rọra pa tìmùtìmù náà lórí.