Ìlẹ̀kẹ̀ Ọrùn Fẹ̀sọ̀jayé

Nígbà tí mo kéré, tí à ń gbé ní àdúgbò Sokoura ní ìlú Bouaké, lórílẹ̀-èdè tí Abidjan wà, ìdí mi kì í balẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí n ṣa ẹ̀wà, ẹsẹ̀ mi á máa mì. Bí wọ́n bá ní kí n fẹ́ iná, kí èédú tó ràn, mo ti sáré dé ẹnu ọ̀nà láti wo ẹni tí ó ń kọjá. Ìyá mi a ní, "Àjọkẹ́, ṣé èèrà wà nídìí rẹ ni?" Bí mo bá jẹ́ kí ìrẹsì jóná, wọn á ní kí n kúnlẹ̀, kí n ká ọwọ́ sókè. Kí wọ́n tó yíjú padà, mo ti fi orúnkún wọ́ dé ìdí kànga. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà nínú àgbàlá tí èrò pọ̀ sí, ó dájú pé irú mi wà nílé yín.

Ilé Tàǹtí Mariamu, obìnrin Dioula kan, ni a háyà. Bàbá mi ń ta páàtì ọkọ̀ lọ́jà, òórùn ọ́ìlì kì í sì í kúrò lára aṣọ wọn. Láàárọ̀, ooru àṣẹ̀kẹ́ tí Tàǹtí ń fi gbágùúdá sè á máa fẹ́ wọ yàrá wa. Nírọ̀lẹ́, ọ̀gẹ̀dẹ̀ díndín ni. Àwọn ọmọ àdúgbò ń pè wá ní Anago, orúkọ tí wọ́n ń pe Yorùbá níbẹ̀, àwa náà ń jẹ́ ẹ, a kò bínú.

Ọdún tí ìyá mi bí Àbíkẹ́, àbúrò mi, ni oníbàárà bàbá mi kan tí ó ń kó lọ sí Abidjan fún wa ní ọmọ ajá kan. Irú ajá kékeré tí kì í ga ni, irun sì bò ó láti orí dé ìrù, débi pé ẹ ní láti wá ojú rẹ̀ kí ẹ tó rí i. Bàbá mi sọ ọ́ ní Fẹ̀sọ̀jayé. Wọ́n ní nínú ilé yìí kò sí ẹni tí ó ń fi ẹ̀sọ̀ jayé, kí á kúkú ní ajá kan tí yóò máa rán wa létí. Èmi ni wọ́n ń wò nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́.

Ìyá àgbà, ìyá ìyá mi, ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá láti wẹ ọmọ. Wọ́n sín ìlẹ̀kẹ̀, wọ́n so ó mọ́ Àbíkẹ́ nídìí, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ṣe fún gbogbo wa. Ìlẹ̀kẹ̀ ṣẹ́kù. Ni wọ́n bá sín ìyókù sórí okùn ọ̀rá tí kì í já bọ̀rọ̀, wọ́n so ó mọ́ Fẹ̀sọ̀jayé lọ́rùn. Wọ́n ní, "Òun náà, àlejò ayé ni." A rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tí ọrùn Àbíkẹ́ gbó, Ìyá àgbà padà sílé.

Ajá náà mọ eré ṣe. Bí a bá ń ṣe bojúbojú, kò sí ibi tí èèyàn lè sá pamọ́ sí tí kò ní wá a kàn. Á dúró síwájú rẹ, á máa ju ìrù, á sì tú àṣírí rẹ fún gbogbo ilé. Bí ó bá gbọ́ ìró mobilẹ́ẹ̀tì, alùpùpù kékeré tí bàbá mi ń gùn, lókèèrè, òun ni yóò kọ́kọ́ dé ẹnu ọ̀nà. Èmi àti ẹ̀ jọ ń sáré kiri ni.

Ṣùgbọ́n bí ó ti ń dàgbà, ìwà rẹ̀ ṣàdédé yí padà. Á dùbúlẹ̀, á dìde, á yí po, á tún dùbúlẹ̀, kò sì ní pẹ́ tí yóò tún dìde. Á gbọn orí bí ẹni tí omi wọ̀ létí. Bí mo bá gbé ẹja àti àṣẹ̀kẹ́ síwájú rẹ̀, á jẹ díẹ̀, á dá a dúró, á máa wò mí. Òun tí ó ń wá wa kàn nínú bojúbojú wá ń lọ fi ara pamọ́ sáàárín àwọn taya àlòkù tí ó wà lẹ́yìn ilé. Lọ́jọ́ kan tí mo gbé e, ó ké, ó sì fẹ́ gé mi lọ́wọ́ jẹ. Mo bínú sí i. Lẹ́yìn náà ni mo lọ sunkún ní ìdí kànga, nítorí mo fẹ́ràn rẹ̀ ju bí mo ti fẹ́ràn Délé ẹ̀gbọ́n mi lọ.

Tàǹtí Mariamu kígbe pé, "Wulu fatọ!" Ajá wèrè ni wọ́n ń wí. Ìyá mi ní ṣé kì í ṣe dìgbòlugi báyìí. Bàbá mi gbé omi sí i, ó mu ún. Wọ́n ní dìgbòlugi kì í mu omi, inú ajá yìí ló kàn bàjẹ́. Ó kù díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà tán síbẹ̀, àfi bí Àbíkẹ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rákò ṣe di irun ọrùn rẹ̀ mú, tí ajá sì gbó mọ́ ọn lójú. Bàbá mi dìde. "Ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ," ni wọ́n wí. Wọ́n ní Kouassi, àgbẹ̀ tí ó ń kó iṣu wá fún wa láti Botro, yóò mú un lọ sóko lọ́jọ́ ọjà, kí wọ́n máa so ó mọ́lẹ̀ níbẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn, n kò lè jókòó mọ́ rárá. Mo ń lọ sídìí taya, mo ń bọ̀. Mo bẹ bàbá mi, mo bẹ ìyá mi, mo tilẹ̀ bẹ Délé, tí kò ní àṣẹ kankan.

Kouassi dé láàárọ̀ ọjọ́ ọjà. Ó sọ iṣu kalẹ̀, ó mu omi, ó yọ okùn. Ìyá mi ń wẹ Àbíkẹ́ lọ́wọ́ ní àgbàlá, èmi ni mo di táwẹ̀lì mú. Ó ti tó ọjọ́ mélòó kan tí ọmọ náà ń ké bí wọ́n bá ti pọ̀n ọ́n, a sì rò pé eyín ló ń hù. Bí ìyá mi ti fọ ìdí rẹ̀ ni wọ́n pariwo: "Yéè! Ìlẹ̀kẹ̀ ló ń fún ọmọ mi! Bí Ìyá àgbà bá wà nílé ni, wọn ì bá ti tú u, kí wọ́n tún un sín." Wọ́n gé e. Ojú ibẹ̀ pọ́n yíká. Ọmọ mí kanlẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ lu omi, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ohun tó ṣe Àbóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Mo gbójú sókè, mo rí Kouassi tí ó ń na okùn sí ọrùn Fẹ̀sọ̀jayé. Mo sáré.

"Àjọkẹ́, padà!"

"Bàbá, ẹ dákun, ìlẹ̀kẹ̀ Ìyá àgbà! Ẹ wo ọrùn rẹ̀!"

Gbogbo wa ti gbàgbé ìlẹ̀kẹ̀ náà, nítorí irun ti bò ó. Bàbá mi gba táwẹ̀lì lọ́wọ́ mi, wọ́n fi wé ẹnu ajá, Kouassi di ara rẹ̀ mú. Ìyá mi ń fi ìka ya irun náà díẹ̀díẹ̀. Òórùn kọ́kọ́ jáde. Okùn ọ̀rá náà ti wọ inú ẹran lọ, ìlẹ̀kẹ̀ kò sì hàn dáadáa mọ́. Bí sísọ́ọ̀sì ti gé e, ajá kò gbó, kò sá. Ó mí, ó tún mí, ó rọra wọ́ lọ sórí ẹsẹ̀ bàbá mi, ó sùn síbẹ̀. Bàbá mi kò gbé ẹsẹ̀ wọn kúrò. Kouassi fi èdè Dioula sọ pé, "Anago, ajá yín kò ya wèrè. Ìfẹ́ yín ló fẹ́ pa á." Ó ká okùn rẹ̀, ó gba ọjà lọ.

Bàbá mi fúnra wọn ni wọ́n ń fi omi gbígbóná oníyọ̀ fọ ọgbẹ́ náà títí ó fi jiná. Láti ìgbà yẹn, bí ẹnikẹ́ni bá ń kanra nínú ilé, wọn kì í kọ́kọ́ nà án mọ́. Wọn á ní, "Ìlẹ̀kẹ̀ wo ló ń fún ọ?" Wọ́n bi èmi náà. Mo ní kò sí èyí tí ó ń fún mi, bí Ọlọ́run ṣe dá mi nìyẹn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ní kí n lọ pọn omi.

Ajá ìwòyí ló mọ ehoro ìwòyí í lé. Lónìí, ìgbànú ọrùn tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù ni àwọn ọmọ mi fi sọ́rùn ajá tiwọn, èyí tí wọ́n lè dẹ̀ bí ó bá fún. Bí ó bá wú ikọ́ lásán, wọ́n á ní kí á gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àwa kò mọ̀ pé dókítà ẹranko wà.

Bàbá mi ti darúgbó, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé. Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jágbe mọ́ àwọn ọmọ. Wọn kò lọ ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Oúnjẹ kò wù wọ́n. Délé tẹ̀ mí láago láti Abidjan, ó ní ọjọ́ ogbó ni, kí á fi wọ́n ránṣẹ́ sílé ní Ògbómọ̀ṣọ́, òun ti bá onímọ́tò sọ̀rọ̀. Èmi ń rìn síwá sẹ́yìn pẹ̀lú fóònù létí, mo ń ní bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Mo wo ọ̀dọ̀ bàbá mi. Wọ́n jókòó, wọ́n dìde, wọ́n yí àga padà, wọ́n tún jókòó.

Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo kúnlẹ̀ níwájú wọn. "Bàbá, ìlẹ̀kẹ̀ wo ló ń fún un yín?"

Mo rò pé wọ́n á jágbe mọ́ mi. Wọ́n rọra bọ́ ìbọ̀sẹ̀ wọn, egbò ńlá kan wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ wọn. Wọ́n ní, "Mo rò pé bí ẹ bá rí i, ẹ ó ní kí n máa lọ sílé."

Mo sọ fún wọn pé kò sí ibi tí wọ́n ń lọ, àfi ọsibítù tí a jọ máa lọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Mo gbé omi gbígbóná oníyọ̀ wá, mo fọ ẹsẹ̀ náà, wọ́n sì gbé e lé mi lórí itan. Oorun gbé wọn lọ. Èmi tí ìdí mi kì í balẹ̀, n kò mira títí wọ́n fi jí.